Àbàjà Tí Àlàó Fi Tọrẹ

Òjò ló lé Sakeenah wọ abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Lalala, ní ìlú Libreville ní Gabon, ibẹ̀ ló ti rí ojú náà. Ọkùnrin kan jókòó sídìí máṣíìnì, ó gbójú sókè wo ẹni tó ń gbọn omi sí i lára, iná tó wà lókè orí rẹ̀ sì tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìbú mẹ́ta nísàlẹ̀, òòró mẹ́ta lórí wọn, ó jinlẹ̀, ó gún régé. Sakeenah ti rí ilà lójú àwọn arúgbó rí, kò rí i lójú ẹni tí ewú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn ń ro ó, ojú ń ta á, síbẹ̀ ó dúró, ó ń wo olójú bí ọmọdé.

"Ẹ jókòó, àǹtí," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ kúkú lè máa wò ó lórí ìjókòó."

Àlàó lorúkọ rẹ̀, fìlà ló ń rán jù. Sakeenah ní tirẹ̀, Libreville ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi ń lálàá, Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti inú ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa, ó sì ti rẹ ìyá rẹ̀ láti máa bi í léèrè ọkọ. Àdúgbò Charbonnages ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Steve, tó ń tẹ àwòrán sára tíṣẹ́ẹ̀tì àti báàgì. Okala ló ń gbé. Ẹni tó bá mọ ìlú náà á mọ̀ pé kò sóhun tó kan Lalala nínú ìrìn Charbonnages sí Okala. Lọ́jọ́ òjò yẹn, iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Gbogbo èyí tó tún lọ lẹ́yìn rẹ̀, ìfẹ́ ni, ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa.

Ó kọ́kọ́ mú búláòsì tí bọ́tìnì rẹ̀ já wá. Kò pẹ́, ó tún mú òmíràn dé. Àlàó yẹ okùn tó kù lára aṣọ náà wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Sísọ́ọ̀sì ló gé èyí. Ṣé bọ́tìnì lò ń wá ni, àbí télọ̀?"

Sakeenah ní kó máa rán an, kó yé bèèrè ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Nígbà tí Àlàó bi í ní oríkì rẹ̀, ó ní Àníkẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà tí ara òun ò bá yá nìkan nìyá òun ń pè é. Àlàó ní ó dáa, òun náà á dúró di ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ kan, Sakeenah yọ bébà, ó ya ilà ojú rẹ̀. Àwòrán náà dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi bi í bóyá òun lè lò ó níbi iṣẹ́. Àlàó ò ní nǹkan mìíràn tó lè fún obìnrin lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mú un. Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Steve bèèrè ẹni tó ni àmì náà. Sakeenah ní ẹni tó ni ín ti fún òun, kò sì parọ́, ohun tó mọ̀ nìyẹn. Láìpẹ́, àbàjà Àlàó ti wà láyà àwọn ọ̀dọ́ káàkiri ìgboro. Bí àwọn méjèèjì bá wọ tàsí pọ̀, tí ọmọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú tíṣẹ́ẹ̀tì náà lọ́rùn, Àlàó á fọwọ́ bojú, Sakeenah á sì máa pa ẹ̀rín mọ́ra. Wọn ò mọ̀ pé Steve ti lọ forúkọ àmì náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin, pé ilé-iṣẹ́ òun nìkan ló ni ín.

Bẹ́ẹ̀, létí gbogbo fìlà tí Àlàó ń rán, àbàjà yẹn náà ló ń fi òwú kọ sí i. Bàbá rẹ̀, tó kọ́ ọ níṣẹ́, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ni ọkùnrin kan bá dé pẹ̀lú àṣẹ láti ọ́fíìsì lọ́yà Steve, ó ní àmì oní-àmì ni Àlàó ń rán, kó má rán an mọ́, kó sì kó èyí tó wà nílẹ̀ wá. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń wo ojú Àlàó. Ó wò ó títí, ó gbójú kúrò, ó kó àwọn fìlà náà sínú àpò, ó lọ.

Bàbá Ikrimah gbọ́. Òun ni àbúrò bàbá Àlàó, òun ló mú un wá sí Gabon, ilà kan náà ló sì wà lójú rẹ̀. Bàbá náà ní ojú àwọn baba àwọn lọmọbìnrin yẹn gbé lọ tà, kò ní wọlé àwọn láéláé.

Àlàó ò fi ìbínú sọ ọ́ fún Sakeenah, èyí ló sì dun Sakeenah jù. "Èmi ni mo fún ọ," ló wí. "Ó kàn rẹ̀ mí ni. Má tíì wá ná." Sakeenah wá ń gba ọ̀nà Okala tààrà lọ sílé lójoojúmọ́, gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sì pé.

Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ bá Steve pé kó jáwọ́ nínú àmì náà. Steve ní òun ṣáà bèèrè kóun tó ṣe é, Sakeenah ló sì dá òun lóhùn. Òótọ́ ni. Ó wá ní bó bá bá òun ṣẹjọ́, kó má padà wá. Sakeenah kọjá sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Madame Hélène, tí oorun ò kúrò lójú rẹ̀, ṣàlàyé fún un pé òfin ń dáàbò bo orin, ọnà àti àmì tí àwọn baba fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ẹnì kan ò lè sọ ọ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ín gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara wọn wá, ẹni tó yà á náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí.

Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ikrimah. "Bonjour, tonton" ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àbúrò bàbá lédè Faransé, bàbá náà sì yíjú sí ògiri. Sakeenah kúnlẹ̀, ó wá "ẹ káàsán, sà" jáde níbi tó wà. Bàbá ní òun ò wá sílùú onílùú láti wá pẹjọ́. Láti ọjọ́ tóun ti dé, ìwé ìgbélùú nìkan ló ń gbé òun dé ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀rù a sì máa ba òun.

"Bàbá, èmi ni mo ṣẹ̀," ni Sakeenah wí. "Màá sì sọ ọ́ níwájú wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá lọ, ojú yín á di ti Steve."

Bàbá fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ta ló máa bá wa sọ Faransé?"

"Èmi ni, sà."

Wọ́n lọ: Bàbá Ikrimah, àgbà méjì mìíràn nínú ẹbí náà, àti Àlàó. Wọ́n jókòó ní ìlà kan, fáànù ò ṣiṣẹ́. Madame Hélène gbé àwòrán náà sórí tábìlì, ó gbójú sókè, ó wo ojú kan, ó wo èkejì, títí ó fi wò wọ́n tán. Sakeenah jẹ́rìí pé ojú Àlàó lòun ti yà á. Lọ́yà Steve, tóun náà wà níbẹ̀, ní ọ̀kan nínú wọn ló fẹnu ara rẹ̀ fi í tọrẹ, ni obìnrin náà bá kọjú sí Àlàó.

Àlàó dìde. "Òótọ́ ni, mo fún un. Mò ń wá ojúure rẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò sì rántí bi àwọn bàbá wọ̀nyí léèrè."

Sakeenah ni ògbufọ̀, òun ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lédè Faransé. Ó sọ ọ́ dé ibi ìfẹ́, ó wo Àlàó kó tó parí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà, tí kò gbọ́ Faransé rárá, rẹ́rìn-ín. Madame Hélène ní ohun tó jẹ́ ti gbogbo ilé, ẹnì kan ò lè dá a fi tọrẹ, bó ti wù kó fẹ́ràn ẹni tó. Ọrẹ yẹn ò múlẹ̀.

Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí Bàbá Ikrimah di irin mú, ó béèrè láìwẹ̀yìn pé, "Ọmọ tó ń pe èèyàn ní tonton yìí, ìgbà wo la ń lọ rí ìyá rẹ̀?"

Ẹjọ́ ò yá. Wá lónìí, wá lọ́la, ó gba ọ̀pọ̀ oṣù. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Sakeenah kí wọ́n tó fagi lé ìforúkọsílẹ̀ Steve, kí wọ́n sì tó dá àwọn fìlà náà padà, pẹ̀lú òórùn ohun tó ti pẹ́ nínú àpò.

Lọ́jọ́ náà, Sakeenah lọ sí Lalala. Bọ́tìnì búláòsì tó mú wá já lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àlàó gbà á, kò tíì rán an.

"Òfin ti gba ọrẹ tí mo ta ọ́ padà," ó ní. "Mo ṣì jẹ ọ́ ní òmíràn."

"Èyí tó jẹ́ tìẹ nìkan ni kó o fún mi o. Mi ò lè lọ sí ọ́fíìsì kankan mọ́."

Àlàó gbé búláòsì náà kalẹ̀. "Kò pọ̀, Àníkẹ́. Onílé ló ni ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ló ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ojú yìí, ìwọ náà ti gbọ́ bó ṣe jẹ́. Àárẹ̀ tó wà lára mi nìkan ló dá mi lójú pé tèmi ni."

Sakeenah gbọ́ oríkì rẹ̀. Ó fa àga sún mọ́ ìdí máṣíìnì, ó jókòó, ó bọ́ bàtà.

"Gbé àárẹ̀ yẹn wá," ó ní. "Èmi náà ní tèmi. Ká pa á pọ̀."