Ìkòkò Tó Ń Mú Ápù Kíkan Dùn

Nọ́ọ̀sì tó máa ń lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò wa, ẹni tí àwọn ọmọdé ń pè ní Oníbàtà Funfun, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní kí n sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá ní ìkòkò nílé. Mo bi í pé ta ni kò ní ìkòkò nílé. Ó ní, "Ó dáa, sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nígbà náà."

Obìnrin aránṣọ kan wà tó ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀, àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rin. Iṣẹ́ ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Àbúrò ọkọ yìí ti lé ní ogójì ọdún. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó èso sí ló ti ń gbé àpótí. Kì í tètè lóye ọ̀rọ̀, bí ẹ bá sì rán an ní nǹkan mẹ́ta, méjì ni yóò rà bọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Ìgbín. Ìyá tó bí i gan-an ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Ìgbín a máa gbé ápù wálé, àwọn ápù kíkan tí oníbàárà kì í fẹ́. Aránṣọ a bó wọn, a yọ hóró inú wọn, a gé wọn wẹ́wẹ́, a bu omi díẹ̀ sí i, a sì fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Iná jẹ́jẹ́ ni yóò fi sè é, títí ápù yóò fi rọ̀, tí yóò ṣeé fi ṣíbí igi lọ̀ kúná. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ mìíràn lọ.

Inú ìkòkò ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti ń sè é. Ìkòkò amọ̀ àtijọ́ ni, inú rẹ̀ ń dán gbinrin bíi dígí. Màmá, ìyá ọkọ náà, ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bù ú kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ méjì tó pé.

"Jẹ́ kó sinmi nínú ẹ̀," Màmá a wí. "Ìkòkò yẹn ló ń mú un dùn. Tọ́ ọ wò lónìí, kó o tún tọ́ ọ wò lọ́túnla. Ṣé o ti rí mi rí kí n fi ṣúgà sí i?"

Òótọ́ ni. Tó bá fi máa di ọ̀túnla, ápù kíkan ti di dídùn.

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Kì í yàgbẹ́ dáadáa mọ́. Oúnjẹ kò wù ú, àfi ápù yẹn. Ó wá ń bínú sódì. Orin tó mọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, kò rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ sílé pé lẹ́tà tí ọmọ yìí ti ń dá pè, kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Aránṣọ mú un jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó fi ìka sí lẹ́tà kan. "Kí nìyí?"

Ọmọ náà wò ó, ó mi orí.

"Lẹ́tà tó o pè lánàá! Ṣé orí ẹ ti kú ni? Àbí ìwọ náà fẹ́ di Ìgbín?"

Ìgbín ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àpò ápù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa rẹ́rìn-ín.

"Má nà án, ìyàwó wa. Mo mú tiẹ̀ wá fún un."

"Ẹ gbé e síbẹ̀, Bọ̀dá." Aránṣọ kò wojú rẹ̀.

Nígbà tí inú rírun náà kò dáwọ́ dúró, ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nọ́ọ̀sì dé sílé pẹ̀lú ìwé èsì.

"Òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí," ó ní, "ó sì pọ̀."

"Òjé wo?" Màmá bi í. "Òjé tí wọ́n fi ń jó páànù? Ṣé páànù lọmọ wa ni?"

"Òun náà ni, Màmá. Ibi tó gbà wọlé ni mo wá wá."

Ó fi òwú tó rẹ sínú oògùn, èyí tó máa ń pọ́n bó bá kan òjé, ra ọ̀dà ara fèrèsé. Ó fi òmíràn ra ẹnu ẹ̀rọ omi. Ó tún fi òmíràn ra bèbí tí ọmọ náà fi ń ṣeré. Òwú kò yí àwọ̀ padà. Màmá ń tẹ̀ lé e kiri.

"Ẹ má gbàgbé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì o. Ẹ yẹ imú mi náà wò."

Nọ́ọ̀sì gbé bèbí náà kalẹ̀. Ó kọjú sí Aránṣọ. "Kí ló máa ń jẹ jù?"

"Ápù tí mo ń sè fún un ni."

"Inú kí lẹ ti ń sè é?"

Aránṣọ gbé ìkòkò náà jáde. Nọ́ọ̀sì fi òwú ra inú rẹ̀. Òwú náà pọ́n kankan.

"Nǹkan dídán tí wọ́n fi kun inú rẹ̀ yìí, òjé wà nínú ẹ̀," nọ́ọ̀sì wí. "Ohun kíkan ló ń jẹ ẹ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Kíkan ni ápù yín, kíkan sì ni ọsàn wẹ́wẹ́. Bó bá ṣe ń pẹ́ tó níbẹ̀ ni òjé ń pọ̀ tó nínú oúnjẹ."

"Kí ló wá dé tó fi ń dùn?" Aránṣọ bi í.

"Òjé tó bá ti yọ́ sínú nǹkan kíkan a máa dùn lẹ́nu. Adùn tí ẹ̀ ń dúró dè yẹn, májèlé ni."

Aránṣọ jókòó. Ọjọ́ méjì méjì ló fi ń dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló ń di ṣíbí mú, tó ń bẹ ọmọ pé kó la ẹnu.

"Irọ́ ni!" Màmá fọhùn. "Ìkòkò ìyá mi ni. Inú ẹ̀ ni mo ti se oúnjẹ fún ọmọ márùn-ún. Kí ló ṣe wọ́n? Ẹ sọ fún mi, kí ló ṣe wọ́n?"

Aránṣọ kò fẹ́ wo ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Ìgbín tó ń bó ápù nídìí fèrèsé. Nígbà tó yá, ojú Màmá náà lọ síbẹ̀. Ọwọ́ Ìgbín ti dúró.

Ó gbójú sókè wo nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì, nínú àwa ọmọ Mọ́mì márààrún, èmi nìkan ló máa ń jẹ ápù yẹn. Àwọn yòókù ò fẹ́ràn ẹ̀. Ṣé òun ló ṣe mí báyìí?"

"Bọ̀dá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti pẹ́ jù. Kò sí àyẹ̀wò tó lè fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé òun ni. Ó lè jẹ́ òun."

"Ká ní wọ́n gbé mi lọ ilé ìwòsàn nígbà yẹn ńkọ́?"

"Wọn ì bá ti mọ̀."

Ìgbín yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ẹ máa ń nà mí nígbà yẹn, Mọ́mì. Torí lẹ́tà."

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀."

"Èmi náà ò mọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ dìde kí ẹ lọ wo ìkòkò yín. Ìkòkò tàbí abọ́ amọ̀ àtijọ́ tí inú rẹ̀ ń dán, tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n fi kùn ún, ẹ má ṣe se oúnjẹ nínú rẹ̀, pàápàá ohun kíkan, ẹ má sì tọ́jú oúnjẹ sínú rẹ̀. Fífọ̀ kì í yọ òjé. Iná kì í pa á. Ẹ má tọ́ oúnjẹ wò láti fi mọ̀, ẹ má sì fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Ìkòkò irin tí kì í dógùn-ún ni kí ẹ fi se ápù yín, kí ẹ sì dà á sínú ìgò tó mọ́ nígbà tó bá tutù. Bí inú bá ń run ọmọ lemọ́lemọ́, tí kò lè yàgbẹ́, tó sì ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má nà án. Ẹ má sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀sín. Ọmọ Aránṣọ ń gba ìtọ́jú báyìí, òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ, kò sí dókítà tó ṣèlérí pé yóò padà.

Lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì ṣì ń ṣàlàyé lọ́wọ́ nígbà tí Ìgbín fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lórí fèrèsé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá, ó sì jáde sójú títì. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pè é, ó tún ń pè é. Kò bojú wẹ̀yìn.