Mabli Mú Taid Wọ Ọkọ̀ Tó Ń Jẹ Èédú

Mabli ni orúkọ ọmọ yìí. Lónìí, Mabli jí kí àkùkọ tó jí.

Ọjọ́ ìbí Taid ni! Taid ni Mabli ń pe bàbá àgbà rẹ̀.

Nígbà tí Taid wà ní kékeré, ó máa ń da àgùntàn lẹ́bàá ojú irin. Ọkọ̀ tó ń jẹ èédú á kọjá.

Fùùù! Ṣàkàṣìkì, ṣàkàṣìkì!

Taid á juwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ rí. Kò sówó.

"Lónìí, Taid á wọkọ̀!" ni Mabli wí.

Mabli ti fọ bàtà òjò fún àwọn ará àdúgbò. Bàtà mọ́kàndínlógún! Ọ̀kan ò ní èkejì.

Pọ́n-ùn méjì ló rí gbà. Ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì tó dínwó jù lọ.

Ó fi ẹyin sáàárín búrẹ́dì. Ó mú agbòjò.

"Taid, ẹ dìde!"

"Níbo là ń lọ?"

"Ẹ má bèèrè. Ẹ ṣáà wọ ṣòkòtò."

Ní ibùdókọ̀, ọkọ̀ ti ń yọ èéfín. Púù! Púù!

Taid gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Ẹ dúró ńbẹ̀!" Ìyáàfin Probert tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ló pariwo. Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Mabli, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, tíkẹ́ẹ̀tì pèpéle nìyí. Ẹ lè dúró lórí pèpéle, kí ẹ máa wo ọkọ̀. Ẹ ò lè wọ̀ ọ́."

"Wíwò lásán?"

"Wíwò lásán."

"Ṣé a lè máa wò ó láti inú rẹ̀?"

"Ó tì o!"

Ojú Mabli kún fún omi.

"Má sunkún," ni Taid wí. "Inú ẹrẹ̀ ni mo ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. Lónìí, orí pèpéle ni mo wà. O ò rí i pé mo ti ga sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Mabli rí i.

Ọkùnrin kan ń fi akísà nu idẹ ara ọkọ̀. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Mabli wí. "Èló ni wọ́n ń san fún yín?"

"Wọn kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni níbí. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹni tó bá ṣiṣẹ́?"

"Ẹni tó bá ṣiṣẹ́."

"Akísà dà?" ni Mabli wí.

Ṣìrì, ṣìrì, ṣìrì! Mabli ń nu ìsàlẹ̀.

Ṣìrì, ṣìrì, ṣìrì! Taid ń nu òkè.

Idẹ ń kọ mànà. Àwọn méjèèjì ń dúdú.

"Taid, imú yín dà?"

"Ó wà ńbẹ̀. Ìwọ wá etí tìrẹ ná!"

Ìyáàfin Probert wo idẹ. Ó wò wọ́n. "Ó yá, ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sórí àga mi o!"

Fùùù! Ọkọ̀ gbéra. Ṣàkàṣìkì, ṣàkàṣìkì!

Ọkùnrin mìíràn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ wọlé. "Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. Tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?"

Mabli na ọwọ́ dúdú méjì sí i.

"Ó péye," ni ọkùnrin náà wí. "Bàbá, tiyín ńkọ́?"

Taid ò gbọ́. Orí rẹ̀ ti yọ síta lójú fèrèsé. Ó ń pariwo ju ọkọ̀ lọ.

"Fùùùùùù!"