Agogo Tí Habeebah Fi Owú Lù

Níbi tí wọ́n ti ń kó ìdọ̀tí gọ́tà ní Dutse Alhaji ni Habeebah ti kọ́kọ́ rí Láníyì. Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Ìrànwọ́ ló kó wọn jáde lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin náà wo bàtà funfun tó wà lẹ́sẹ̀ Habeebah, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Aunty, ṣé gọ́tà lẹ ń bọ̀ ni àbí ìgbéyàwó?”

“Ta ló mọ̀? Ọkọ mi lè wà nínú gọ́tà.”

Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ ti kó sí wọn lára. Bí Láníyì kò bá tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Ìyá Láníyì nìkan ni ìṣòro wọn. Ìyá náà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ oníṣòwò aṣọ láti Ìlọrin tó ń kírun. Adépéjú, dókítà ojú tó jẹ́ àfẹ́sọ́nà Láníyì tẹ́lẹ̀, ló ṣì ń pè ní ‘ìyàwó mi’.

Ní Sátidé kan, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé oṣooṣù wọn ní gbọ̀ngàn kan ní Lokogoma. Habeebah ló ń ṣọ́ àkókò, tó sì ń lu agogo. Òfin wọn sì le: ogún ìṣẹ́jú ni àlejò tó bá wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní. Bí agogo bá ti dún, àlejò yóò jókòó, ì báà jẹ́ mínísítà. Ẹnikẹ́ni kì í bá agogo jiyàn.

“Dókítà kan ń bọ̀,” ni Láníyì ti sọ fún un. Kò sọ dókítà wo.

Nígbà tí àlejò wọlé, àyà Habeebah já. Ó mọ ojú yẹn nínú fọ́tò. Adépéjú ni! Ó ga, ó dúdú, ó ń dán. Lọ́fíńdà rẹ̀ ti jókòó kí òun fúnra rẹ̀ tó jókòó.

Misturah, ọ̀rẹ́ Habeebah, fẹnu sí i létí. “Kai! Wo àwọ̀ lára ènìyàn! Ta ló bí eléyìí?”

“Lọ bi ìyá rẹ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, Alága ẹgbẹ́, ní kí Láníyì fi àlejò han ìjókòó. Ó dìde, ó rẹ́rìn-ín. “Dókítà yìí ní ọwọ́ ẹ̀rọ̀, ó ní ọkàn rere. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.”

Kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀! Ọ̀rọ̀ náà ta Habeebah bí agbọ́n. Owú ń hó nínú rẹ̀ bí omi orí iná.

Adépéjú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí ojú àwọn àgbà tí ìkùukùu ń bò. Láàárín ọ̀rọ̀, ó yíjú sí Láníyì. “Láníyì mọ̀ mí, mi ò mọ ọ̀rọ̀ gé kúrú.” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Láníyì náà rẹ́rìn-ín.

Kàn! Kàn! Kàn!

Habeebah kò mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ lu agogo. Adépéjú wò yíká, ó ká ìwé rẹ̀, ó jókòó.

Bàbá àgbẹ̀ kan dìde lẹ́yìn. Bàbá Àlímì lorúkọ rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó mi kò ríran mọ́. Mo wọkọ̀ láti Abaji wá gbọ́ ọjọ́ tí dókítà máa wá ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Kò tíì sọ ọjọ́ tí agogo fi dún.”

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni Alága wí. “Òfin lòfin.”

Láníyì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Habeebah. “Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló lò.”

“Ṣé ò ń kà á fún un ni?”

“Alága ló pè é. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún ọ, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n, adùn mi, owú ni iyọ̀ ìfẹ́. Èyí tó o dà yìí, ọbẹ̀ ẹlòmíì ló bà jẹ́.”

Omijé bọ́ lójú Habeebah. Tó bá jẹ́wọ́, ìròyìn náà yóò dé etí ìyá Láníyì kí oòrùn tó yẹ àtàrí, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yóò sì parí síbẹ̀. Ó wo Bàbá Àlímì tó ń wá fìlà rẹ̀. Ó dìde.

“Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo jẹ̀bi. Àkókò kò tíì pé. Owú ni mo fi lu agogo.”

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí i.

“Yéè! Habeebah!” ni Misturah ké.

Alága wú ikọ́, ó ní kí dókítà máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni Adépéjú dá fún Abaji. Bàbá Àlímì gbọ́wọ́ méjèèjì sókè, ó ń ṣàdúrà.

Nígbà tí ìpàdé tú, Adépéjú bá àwọn méjèèjì níta.

“Àbúrò, o ò jowú lásán. Màmá Láníyì ló ní kí n jẹ́ ìpè yìí, kí n wò ó bóyá ọmọ òun ṣì ń rò mí. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò mí. Òun, ìwọ ló ń wò. Mo ti pe Màmá, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo rí.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀, àbúrò.”

Kò tíì dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tí fóònù Láníyì fi dún. Ìyá rẹ̀ ni. Láníyì tẹ fóònù náà kí Habeebah lè gbọ́ ohùn ìyá náà.

“Ọmọ náà dà?”

Habeebah kúnlẹ̀ sórí iyanrìn bí ẹni pé ìyá náà ń rí i. “Ẹ káàsán, Mà.”

“Ìwọ lo jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ dárí jì mí.”

Láníyì di ọwọ́ Habeebah mú gírígírí.

“Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jowú lórí bàbá Láníyì,” ni ìyá náà wí. “N kò jẹ́wọ́ rẹ̀ rí fún ẹnì kankan. Láníyì, mú un wá lọ́la tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Kó má jẹun wá o.”