Òwú Tó Yọ Lórúnkún Télọ̀

Télọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láti ọsibítù. Kí oṣù mìíràn tó lé, wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti kékeré ló ba orúnkún rẹ̀ jẹ́, dókítà sì fi orúnkún onírin rọ́pò rẹ̀. Irin náà ò tíì mọ́ ọn lára tí ikú fi dé. Ará ilé ò mọ ohun tó pa á, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ò lè rí òkú kí a má wá ẹni tí a óò di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí.

Orí Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ni wọ́n di tèyí lé. Arúgbó ni, kò bímọ, yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé, òwìwí kan a sì máa bà sórí òrùlé rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rí wo ni aládùúgbò tún ń wá?

"Ojú mi báyìí ló ṣe!" Ìyàwó olóògbé ń sunkún fún àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ẹyẹ yẹn ń ké lókè, mo wọlé, mo bá Ìyá Àgbà tó tẹ̀ mọ́ orúnkún ọkọ mi, ó ń gbóòórùn rẹ̀! Ó ní, 'Iná ń bẹ nínú orúnkún yìí. Ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà.' Mo lé e jáde. Ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi ń gbọ̀n."

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni àbúrò ọkọ dáhùn. "Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kó dẹrù ẹ̀. Kò ní sun ilé yìí mọ́jú."

Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbé ọkùnrin náà padà.

Ìyá Àgbà ò jiyàn. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ibòmíràn láyé yìí tó lè forí lé. Ó kàn wo ìyàwó náà lẹ́ẹ̀kan, ojú ẹni tó mọ nǹkan ló sì fi wò ó. Ẹ̀rù ba ìyàwó. Ó kúrò níbẹ̀, ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹrù arúgbó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí nọ́ọ̀sì tó tọ́jú télọ̀ lọ́sibítù wọlé.

"Ẹ kú ìrọ́jú o."

Nígbà tó gbọ́ pé àjẹ́ ni, ó mi orí. "Kòkòrò tí ojú ò rí ló wọ ìdí irin yẹn. Tó bá ti débẹ̀, oògùn kì í tètè ká a. Ara ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ló sì máa ń tètè ráyè sí. Dókítà ní kí olóògbé jẹ́ kí ṣúgà ara wọn wálẹ̀ ká tó ṣiṣẹ́ abẹ, àwọn ní aṣọ oníbàárà ń dúró." Ó yíjú sí ìyàwó. "Nígbà tí wọ́n délé, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ náà?"

"Rárá o! Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Àfi òwú kékeré tó yọ níbi tí ẹ rán. Ṣé ìyàwó télọ̀ á jẹ́ kí òwú máa yọ lára ọkọ ẹ̀ ni? Mo kàn fi abẹ́rẹ́ tú u jáde, mo sì gé e."

Abẹ́rẹ́ ọ̀hún wà láàárín ètè rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, níbi tó máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Nọ́ọ̀sì tẹjú mọ́ ọn. Ìyàwó náà rí ibi tó ń wò. Abẹ́rẹ́ já bọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀nà tí kòkòrò lè gbà wọlé pọ̀," nọ́ọ̀sì wí jẹ́jẹ́. "Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìyí. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ tí orúnkún náà gbóná, bóyá..."

Àbúrò ọkọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù arúgbó padà sí yàrá. Ìyàwó tẹ̀lé e, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ mọ̀?"

"Ojú fèrèsé ni mo wà lọ́jọ́ tí o tú òwú náà."

"Ẹ sì jẹ́ kí n máa pè yín ní àjẹ́?"

"Èmi ti gbó. Àwọn ọmọ rẹ ló máa wo ojú rẹ fún ìyókù ayé wọn."

Òwìwí ké nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó sọ òkò lù ú.

Títí dòní, bí o bá gba aṣọ tí ìyàwó yẹn rán, òwú á ṣì máa yọ létí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń kùn. Kò lè gé e.