Ọwọ́ Ìyá Lára Ẹniolúwa

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní agbo ilé wọn ní Ìṣẹ́-Èkìtì, igbe Ẹniolúwa ni aládùúgbò fi ń mọ̀ pé omi ìwẹ̀ ti gbóná. Màmá Babájídé, ìyá bàbá ọmọ, á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ tuntun náà sí ojúgun. Á fi kànìnkànìn bó o, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, á di apá rẹ̀ kan mú, á gbé e fì, á sọ ọ́ sókè, á sì gán an.

"Ẹ̀rù kì í ba ọmọ wa o! Akọni ni!"

Doyinsọ́lá, ìyàwó Babájídé, á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa yọjú wò wọ́n. Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Àkọ́bí rẹ̀ rèé, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ wẹ ọmọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, ọwọ́ kọ̀ǹpútà lèyí. Gbé e wá jàre. Ọwọ́ tó ń la kòkó ló wẹ ọkọ rẹ."

Kì í ṣe pé ìyá náà burú. Òun ló ń gúnyán fún un, òun ló ń se omi tó fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí kì í bá ṣe ọmú, Doyinsọ́lá kì í fọwọ́ kan ọmọ. Bó bá gbé e pẹ́ díẹ̀, ọmọ á ké, ìyá àgbà á sì gbà á. Doyinsọ́lá á wọ yàrá lọ, á sunkún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé, "Ọmọ yìí ò fẹ́ràn mi. Mi ò mọ ìyá á ṣe."

Ọyẹ́ wá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, ìyá àgbà mú ìpara tó máa ń ta ni lójú, èyí tó fi ń ra orúnkún rẹ̀, ó pò ó mọ́ àdín, ó sì fi pa ọmọ láyà àti nídìí imú. Kò pẹ́ tí àyà ọmọ fi pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá àgbà àti Doyinsọ́lá gbé e gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Fúnmilọ́lá gba ọmọ, ó wo àyà rẹ̀. "Kí lẹ fi pa á lára?"

Doyinsọ́lá wolẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ fẹjọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ sùn? "Mi ò mọ̀, mà."

"Ìwọ ìyá ọmọ, o ò mọ ohun tó wà lára ọmọ rẹ?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá àgbà ló sọ̀rọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, má bá a wí. Èmi ni mo fi ìpara orúnkún mi pa á lára nínú ulé. Mo ní kí òtútù má mú un ni."

Nọ́ọ̀sì nu ìpara náà kúrò, ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ọmọ, ó ní kí wọ́n jókòó kí òun lè máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí èémí rẹ̀ rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé e wá. Màmá, ìpara yẹn lè sé ọmọ ọwọ́ léèémí. Ẹ má fi kàn án mọ́."

"Mo gbọ́. Ṣé ká má wọ́ ọmọ lára mọ́ náà ni? Kó wá gan bí igi?"

"Ẹ wọ́ ọ, Màmá! Wíwọ́ra dára. Ó ń jẹ́ kó sùn dáadáa, ó ń lé afẹ́fẹ́ inú. Gbígbé fì àti sísọ sókè ni kò dára. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọrùn rẹ̀ ò tíì le, apá rẹ̀ sì lè yẹ̀."

Ìyá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a," ló sọ jẹ́ẹ́.

"Mo mọ̀, Màmá. Ìfẹ́ lẹ fi ń ṣe é." Nọ́ọ̀sì yíjú sí Doyinsọ́lá. "Fọ ọwọ́ rẹ, kó o wá. Àyà rẹ̀ ò tíì fẹ́ ọwọ́ lónìí, ẹsẹ̀ la máa ṣe. Kọ́kọ́ bi í léèrè bóyá ó fẹ́."

"Kí n bi ọmọ ọwọ́?"

"Ojú rẹ̀ á dá ọ lóhùn. Bó bá ń wò ọ́, máa ṣe é lọ. Bó bá yíjú kúrò tàbí tó ké, fi í sílẹ̀."

Ó kán àdín àgbọn díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Doyinsọ́lá di itan ọmọ mú, ó fi orí ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

"Má fi ìka ṣe é," ìyá àgbà sọ sí i létí. "Àtẹ́lẹwọ́ ni. Bí ẹni ń fọwọ́ ra aṣọ sílíkì. Ẹ̀ẹ́n. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Láti itan dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń rọra wọ́ ọ bọ̀. Ẹniolúwa ò ké. Ó ranjú mọ́ ìyá rẹ̀, ó ń ṣe "ẹ̀n, ẹ̀n" bí ẹni tó ń ròyìn. Díẹ̀díẹ̀, ìkúùkù rẹ̀ tú.

"Ọmọ ọ̀dàlẹ̀!" ìyá àgbà fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ó ti rí ìyá rẹ̀, kò mọ̀ mí mọ́."

Doyinsọ́lá ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò lè rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Nígbà tí Babájídé wálé lópin ọ̀sẹ̀, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó jókòó. "Lọ fọ ọwọ́ rẹ. Ìyàwó rẹ á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọmọ."

Ẹ̀yin òbí, ẹ wọ́ ọmọ yín lára nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, níbi tí kò tutù. Ẹ má ṣe é kété tó mu ọmú tán, tàbí nígbà tí ibà ń ṣe é, ẹ má sì fọwọ́ kan ojú abẹ́rẹ́ àjẹsára. Òróró tó mọ́, tí a ò po nǹkan kan mọ́, ti tó. Bí ẹ bá ń wọ́ inú rẹ̀, ẹ yí ọwọ́ po jẹ́jẹ́ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ẹ má sì tẹ ibi tó rọ̀ lórí ọmọ. Bó bá ń mí lódì, ẹ má fi ìpara dán an wò, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn ìbímọ, tí kò sì lọ, kó sọ fún nọ́ọ̀sì: kì í ṣe ìtìjú, ìrànlọ́wọ́ wà.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má kó ọwọ́ yín sẹ́yìn o. Ẹ kàn jẹ́ kí ọwọ́ ìyá ọmọ náà débẹ̀, kí ti bàbá rẹ̀ náà sì débẹ̀.