Sípánà Tí Ó Rà Dípò Èyí Tí Ó Sọnù

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ọkọ̀ òfurufú kan já lulẹ̀ lẹ́yìn pápá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun òfurufú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wà á kú. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni.

Ọkùnrin kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà tí ó mọ ohun tí ó pa á. Òun ni olùkọ́ àwọn tí ń kọ́ bí a ṣe ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe. Ọ̀gá Má-ṣàṣìṣe ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kì í gbójú fo àṣìṣe kankan, àfi tirẹ̀.

Níbi iṣẹ́ wọn, pátákó kan wà lára ògiri. Wọ́n fi ọ̀dà funfun ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i. Bí iṣẹ́ bá parí, gbogbo irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà sórí àwòrán rẹ̀. Bí àyè kan bá ṣófo, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ fò títí wọn yóò fi rí èyí tí ó sọnù, nítorí ó lè jẹ́ inú ọkọ̀ ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ yìí ni ọkùnrin náà fi ń pariwo mọ́ wọn lójoojúmọ́: “Ìwọ, ṣé ojú lo fi ń kà á ni àbí imú? Ẹni tó bá fo sípánà kan, òkú kan ló fò!”

Ní ọjọ́ Ajé, ó ku ọjọ́ kan kí àwọn ọ̀gá àgbà wá wò bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà ti gbára dì. Ní ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn lára ọkọ̀ kan. Nígbà tí ó dé ìdí pátákó, sípánà kékeré kan kò sí. Ó wá abẹ́ tábìlì, ó wá inú àpò ara rẹ̀. Kò rí i. Ó yẹ kí ó pariwo. Ó yẹ kí wọ́n tú ọkọ̀ náà palẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, “Èmi? Lójú àwọn tí mo ń bú? Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?”

Ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń ta irin ní ìgboro. Ó ra sípánà tí ó bá a mu, ó fín nọ́mbà ilé-ẹ̀kọ́ sí i lára, ó sì gbé e kọ́. Pátákó kún. Ní òwúrọ̀, obìnrin àgbà tí ń tọ́jú irinṣẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Sítọ̀ọ̀, kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí i pé wọ́n pé. Ọkọ̀ náà gbéra.

Wọ́n rí sípánà tí ó sọnù nínú àfọ́kù ọkọ̀ náà, ó há mọ́ wáyà tí wọ́n fi ń darí ìrù rẹ̀. Àwọn olùwádìí wo pátákó, ó kún. Wọ́n ní Ìyá Sítọ̀ọ̀ ló fín nọ́mbà kan náà sára sípánà méjì, tí ọ̀kan fi sọnù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò jẹ́jọ́.

Ọkùnrin náà dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá àwọn ọmọ, kí ló dé? Ẹ ò jẹun, ẹ ò wo ẹnikẹ́ni lójú.” Ó ní ikú ọmọ náà ló ń dun òun. Òótọ́ ni, irọ́ sì ni.

Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà nígbà tí Ìyá Sítọ̀ọ̀ wá kó ẹrù rẹ̀. Ó bá ọkùnrin náà nínú kíláàsì.

“Ọ̀gá, ẹ̀ ń sá fún mi bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò. Mi ò bínú sí yín o.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Kì í ṣe ẹ̀bi yín.”

“Ẹ̀bi mi ni. Lọ́dún tí wọ́n kó irinṣẹ́ tuntun dé, èmi ni mo fín nọ́mbà sí wọn, ojú mi sì ti ń ṣe bàìbàì. Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run. Mo sì ti lọ sọ́dọ̀ bàbá ọmọ náà.”

“Ẹ lọ síbẹ̀?”

“Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Bàbá náà ní, ‘Ẹ dìde, Ìyá. Mo dárí jì yín.’ Ọ̀gá, ẹ ò mọ bí ẹrù yẹn ṣe wúwo tó kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó fún irú èmi yìí. Kò sí ẹni tí kò tó fún.”

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà ní akínyẹmí ara. Obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ti kúnlẹ̀ ní ipò rẹ̀. Ó ti pa ọmọ ọlọ́mọ, ó sì tún ti jẹ́ kí bàbá ọmọ náà fi ìdáríjì rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni ó rántí Ẹnìkan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, tí ó dúró ní ipò ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ ọ́n mọ̀ dúró síbẹ̀.

Ó wólẹ̀ láàrin àwọn àga. “Jésù, èmi ni. Kì í ṣe ìyá yẹn. Èmi ni mo pa á. Ṣàánú mi.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dìde, ó sáré bá Ìyá Sítọ̀ọ̀ lẹ́nu géètì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Obìnrin náà gbé àpótí kalẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n jókòó ná,” ni ó wí. Ó jókòó lé e lórí, ó ní, “Inú ń bí mi o. Mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àpótí yìí, ká jọ padà lọ bá ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ ò ní dá nìkan wọlé.”

Wọ́n dá Ìyá Sítọ̀ọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bọ́ aṣọ ológun lára ọkùnrin náà, ó sì ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Bàbá ọmọ náà kò tíì bá a sọ̀rọ̀ títí di òní. Ọlọ́run ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kú kò padà.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé kékeré yìí, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni o bò mọ́lẹ̀ tí ẹlòmíràn ń jìyà rẹ̀? Má sọ fún mi pé o kì í mutí, o kì í jalè. Ọkùnrin yẹn náà kì í ṣe méjèèjì. Tọ Jésù lọ bí o ti rí, kí o dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un, kí o sì dìde lọ tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe. Lónìí ni mo wí. Ọmọ ọdún méjìlélógún yẹn rò pé ọ̀la jẹ́ tòun. Bóyá ó ti bá Ọlọ́run làjà kí ó tó gbéra, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ohun tí wọ́n bá ní yàrá ọmọ náà nìyí: ẹ̀wù funfun mẹ́ta, bàtà ológun tí ó ti kun ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí kò tíì kun ẹsẹ̀ òsì, ìwé ẹ̀kọ́ kan tí ó ṣẹ́ etí ojú ewé rẹ̀, lẹ́tà tí kò kọjá “Bàbá mi ọ̀wọ́n”, àti ìwé pélébé alágbàfọ̀ kan, pé kí ó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.