Ẹ̀rín tí Misturat Rín

"Ọ̀lẹ ni! Ọ̀lẹ paraku ni!" Ismaheel ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, gbogbo kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ òǹkàwé ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ṣakí ló ń jíròrò lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn. Ìwé ìtàn tí ará Faransé kan kọ, tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ni Tíṣà Fìyìnfólúwa gbé fún wọn. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni, ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n fi kà á títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ya. Ìtàn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ni, tó ṣàdédé lọ jókòó sétí odò láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí kò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó ní òun kò rí ìtumọ̀ ohun tí òun ń ṣe láyé mọ́. Ìwé parí, bàbá ṣì wà níjòókòó.

"Kì í ṣe ọ̀lẹ," Waheedat ta kò ó. "Ó ti gbàgbé Ọlọ́run ni. Ẹni tó ń kírun ò ní sọ pé ayé ò nítumọ̀."

"Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù jàre," Olúwadámiláre dá sí i.

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo wa ò lè sùn ká kọrí síbì kan náà. Ẹni tó kọ ọ́ gbà pé ayé kò bá ìtumọ̀ wá, kálukú ni yóò yan tirẹ̀. Sodiqat, ìwọ ńkọ́?"

Sodiqat, tó jókòó ti Misturat ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹlòmíì bá ń sọ tirẹ̀, òun a tẹ́tí bẹ̀lẹ̀jẹ́.

"Ó jọ ìyá mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Látìgbà tí àbúrò mi ti kú, abẹ́ dóńgóyárò ni wọ́n máa ń jókòó sí látàárọ̀. Mo mọ ọkùnrin yẹn."

"Ìyá ẹ ti di Faransé!" Ismaheel kígbe. Ẹ̀rín sọ.

Ẹ̀rín Misturat ló lọ sókè jù. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ sunkún lórí ìwé náà títí omijé fi rin ojú ewé. Ẹ̀rù ló bà á pé bí òun kò bá rẹ́rìn-ín, òun ni yẹ̀yẹ́ yóò kàn. Sodiqat wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ẹyin lohùn, ẹ̀rín náà, ẹyin ni.

Láti ọjọ́ náà, Sodiqat kò wá sẹ́gbẹ́ òǹkàwé mọ́. Bí wọ́n bá pàdé, ńṣe ló máa ń kí Misturat bí ẹni ń kí àlejò. Ó dun Misturat wọ eegun.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Misturat gbé omi lọ fáwọn tó ń kọ ebè iṣu lóko. Àáró ni bàbá rẹ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe: bí wọ́n bá ro tèmi lónìí, wọ́n á ro tìrẹ lọ́la. Oko Bàbá Akíntọ́lá ló kàn. Òkúta kún ilẹ̀ náà, ọkọ́ ń ró gbàn-ìn gbàn-ìn, àwọn ọkùnrin ń ráhùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó sá.

"Bàbá, oko yìí mà le o. Ẹ ò ṣe máa lọ sílé?"

Bàbá nu òógùn ojú. "Nígbà tó ń ro tèmi, ṣé ó lọ sílé?"

Ó mu omi, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Misturat dúró síbẹ̀, ó ń ronú kan ẹgbẹ́ òǹkàwé. Sodiqat ti jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Nígbà tó wá kan oko tirẹ̀, oko olókùúta, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú ti Misturat gidi.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó lọ sílé Sodiqat. Ìyá wà lábẹ́ dóńgóyárò lóòótọ́. Misturat kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n kàn mi orí ni.

"Ṣé ará Faransé lo wá wò ni?" Sodiqat bi í lẹ́nu ọ̀nà.

Omijé bọ́ lójú Misturat. "Jọ̀ọ́, má bínú. Ẹ̀rín èké ni mo rín. Èmi náà sunkún lórí ìwé yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Èmi kọ́ ni kó o sọ ọ́ fún," Sodiqat fèsì. "Ibi tó o ti rẹ́rìn-ín ni kó o ti sọ ọ́."

Nígbà tí Ọjọ́rú pé, Misturat dìde níwájú kíláàsì. "Ìwé yìí pa mí lẹ́kún. Mo bá yín fi Sodiqat rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé kò dáa. Ó gbọ́ ti gbogbo wa, àwa ò gbọ́ tirẹ̀. A jẹ ẹ́ ní àáró."

"Ìyá Faransé!" Ismaheel pariwo, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ Misturat títí táàmù fi parí. Waheedat kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ṣì rò pé ọkùnrin náà gbàgbé Ọlọ́run, àmọ́ òun fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ Sodiqat tán.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Sodiqat, ó sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì.

"Mo sọ ìtàn náà fún ìyá mi," ó wí. "Wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe parí. Mo ní ọkùnrin náà ṣì jókòó síbẹ̀ lóun nìkan. Wọ́n wá ní, 'Ṣé kò sẹ́ni tó lọ jókòó tì í ni?'"

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ismaheel gan-an wolẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, Misturat bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sílé, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó ti ìyá náà. Wọn kò bi ìyá ní nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ìyá gbá Misturat lọ́wọ́ mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé kan náà lè pa ẹnì kan lẹ́rìn-ín, kó pa ẹlòmíì lẹ́kún. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹ̀rín ẹgbẹ́ bo òtítọ́ ọkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣá lọ́gbẹ́.